Ilé Tí Odó Kò Dún Láàárọ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jí mi láàárọ̀ òní, tí ó fún mi ní omi tí mo pọn, iná tí mo dá, àti ẹnu tí mo fi jẹ ohun tí mo sè. Lójú ẹlòmíràn, nǹkan kékeré ni wọ́n. Lójú tèmi náà, ìgbà kan wà tí n kì í dúpẹ́ fún wọn, kì í ṣe pé mo jẹ́ aláìmoore, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà ni. Ọlọ́run ló mú mi la ìgbà náà já. Ìyìn ni fún un.

Mo rántí ìgbà tí mo padà sí ilé bàbá mi ní Ara-Èkìtì, ní ọdún tí ọkọ mi kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ló ṣe é. Adó ni à ń gbé nígbà náà, èmi jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò ń kán díẹ̀díẹ̀, mo dúró ní etí ibojì, n kò sì sunkún. Àwọn ará ìjọ ń sọ pé, "Ẹ wo ìgbàgbọ́ obìnrin yìí." Èmi náà gbà pé ìgbàgbọ́ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ilé ìwé ìjọ tọ́ mi, mo mọ orin ìtùnú lórí, mo sì rò pé orin náà ló ń ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú ni ọkàn mi ṣe rí. Bí o bá gbá a, kò ní mọ̀. Bí o bá tilẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀.

Àwọn ọmọ wa méjèèjì wà ní ilé ìwé gíga, nítorí náà kò sí ohun tó dá mi dúró sí Adó. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní Ara, wọ́n sì gbà. Mo kó ẹrù mi dé. Bàbá mi fún mi ní yàrá tí mo ti gbé kí n tó lọ́kọ. Ìyá mi ti kú tipẹ́, bàbá nìkan ló wà nínú ilé ńlá náà, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Opó ni òun náà. Àgbàlá kan ló wà láàárín ilé méjèèjì, ilé ìdáná wa sì wà ní àgbàlá náà.

Láàárọ̀, n kì í jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní mo ń gba ààwẹ̀ títí di ọ̀sán. Ní ìlú wa, bí ènìyàn bá ti dárúkọ ààwẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi í ní ìbéèrè kejì. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kò sí ààwẹ̀ kankan. Àwọn àgbà ìjọ a máa sọ pé ààwẹ̀ tí kò ní àdúrà nínú, ebi lásán ni. Tèmi kò tilẹ̀ tó ebi, nítorí ebi kò pa mí. Oúnjẹ ti dàbí páálí lẹ́nu mi. Mo ń jẹ díẹ̀ lọ́sàn-án kí òyì má baà kọ́ mi níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó tán.

N kò tíì lo oṣù méjì nílé tí bàbá mi fi wọ bàtà òjò rẹ̀ lọ sí oko kòkó. Èèpo èkùrọ́ kan wà nínú bàtà náà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀. Ìgbà tó bọ́ bàtà tó rí ẹ̀jẹ̀ ló tó pè mí. Kò fi ojú ẹni tí nǹkan ń dùn pè mí, bí ẹni tó rí alángbá nínú yàrá ló ṣe sọ ọ́. "Ọmọ mi, wá wo nǹkan kan." Èèpo náà ti wọ inú ẹran lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

A gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìjerò ní ọjọ́ kejì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń fọ ojú egbò náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le bí òkúta. Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tí kò dùn yín yìí ni kí ẹ bẹ̀rù." Ó wá kọjú sí mi, ó ka ohun tí bàbá gbọ́dọ̀ máa jẹ láàárọ̀ fún mi: ẹ̀wà tí kò ní epo púpọ̀, tàbí ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewúro tó kún àwo, ẹyin sísè kan tàbí ẹja díẹ̀, ikàn bí ó bá fẹ́ fi panu. Kò gbọdọ̀ fi ebi lo oògùn. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka sókè láti ka ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ.

"Iyán àárọ̀ ńkọ́?" ni bàbá mi bi í.

"Bàbá, iyán àárọ̀ ti parí."

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ ohun tí nọ́ọ̀sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Bàbá mi kò lọ sí oko rí láìjẹ iyán. Bí ó sì ti rí nílé wa ló rí nílé gbogbo ènìyàn ní àdúgbò. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, odó á bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé, àwọn ìyàwó ilé sì mọ ìró odó ara wọn bí ẹni mọ ohùn. Wọ́n mọ ti ẹni tó yára, wọ́n mọ ti ẹni tí ọwọ́ ń ro, wọ́n mọ ti ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ilé tí odó kò bá dún láàárọ̀, nǹkan ló ṣe é. Yálà isu ti tán níbẹ̀, tàbí obìnrin ibẹ̀ ya ọ̀lẹ, tàbí àìsàn wọlé.

Èmi olùkọ́, mo ra páálí funfun, mo fi gègé ńlá kọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sí i ní nọ́ńbà kìíní sí ìkarùn-ún, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí níyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo se ẹ̀wà, mo se ẹ̀fọ́, mo gbé e síwájú bàbá mi lórí tábìlì, mo ní, "Bàbá, oúnjẹ yín rèé," mo sì lọ sí ilé ìwé. Bí mo ti ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọwọ́ mi ń ṣe é, èmi fúnra mi kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé gba ẹ̀yìn wọlé, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ulé yìí mà dákẹ́ o. Ṣé uṣu ló tán ni, àbí ọwọ́ ló rọ?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ìyá, nọ́ọ̀sì ló ní kí Bàbá má jẹ iyán láàárọ̀ mọ́. Ẹ̀wà ni mo sè."

"Ẹ̀wà!" Ó ṣí ìkòkò, ó yọjú wò ó bí ẹni ń wo kànga. "Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ ulé yìí, tó fi kòkó rán ọ níwèé, ẹ̀wà ni yóò máa jẹ bí ọmọ jẹ́léósinmi? Ìyàwó tó ń ta ata lójúde bi mí lánàá pé ta ló kú nílé wa tí odó kò fi dún mọ́. Kí n wí kí ni? Kí n ní olùkọ́ ti dé?"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ "ta ló kú" yẹn gún mi. Kò gún mi. Ohun tí mo rò ni pé ariwo yóò wà, n kò sì ní agbára ariwo. Mo yanjú rẹ̀ bí a ti ń yanjú ìṣirò lójú pátákó. Odó ni àdúgbò fẹ́ gbọ́, ẹ̀wà ni nọ́ọ̀sì fẹ́. Nítorí náà, màá gún iyán díẹ̀ láràárọ̀ fún etí àdúgbò, màá sì se ẹ̀wà fún ẹnu bàbá mi. Iyán náà ńkọ́? Mo ní kí Ìyá Ẹ̀yìnkùlé máa wá gbé e lọ jẹ nílé rẹ̀.

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, Ìyá."

"Ó dáa. Mo gbà."

Ó yára gbà jù. Ó yẹ kí n fura, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kú kì í fura.

Bẹ́ẹ̀ ni odó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí dún nílé wa. Mo ń jí ní agogo márùn-ún, mo ń gbé ẹ̀wà kaná, mo ń gún iyán bí orí ọmọdé, mo ń fi ewé bò ó fún Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sórí tábìlì fún bàbá mi, mo sì ń lọ. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, àwo ẹ̀wà ti mọ́ tónítóní. Màá wo àwo náà, màá fọ̀ ọ́, ó tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n búra nígbà náà, mo lè búra níwájú pẹpẹ pé ẹ̀wà ni bàbá mi ń jẹ.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà náà. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí dán. Ojú rẹ̀ tó máa ń wú láàárọ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó jí nǹkan tí kò fẹ́ kí wọ́n lé òun bá. Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, ó dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo orúnkún òun sàn, pé inú òun fúyẹ́, pé òun kò mọ ohun tí òun ṣe tí Ọlọ́run fi rántí òun. Gbogbo wa dá a lóhùn pé àmín. Èmi ni mo tilẹ̀ dá orin ọpẹ́ sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà sí Ìjerò. Ṣúgà bàbá mi kò wálẹ̀. Ó ti lọ sókè sí i. Egbò náà ti dúdú létí. Nọ́ọ̀sì kúkúrú yẹn ju ìwé sórí tábìlì.

"Àǹtí, kí lẹ ń fún bàbá jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀wà kì í ṣe báyìí."

"Ẹ̀wà ni mo ń sè, mà."

"Ẹ má purọ́ fún mi. Èmi náà Èkìtì ni, ará Àràmọ̀kọ ni mí. Mo mọ bí a ti ń ṣe. Iyán ni."

N kò bá a jà. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo fáànù òkè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ bàbá bá ṣì rí báyìí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, àwọn yóò rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọn yóò sì gé ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ohun tí mo sọ nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí mi, ó sì jókòó síbẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀ dé àyà. Lórí ọ̀kadà, bàbá mi bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Kí ni dókítà wí?" Mo dá a lóhùn pé, "Ó ní kí a máa ṣọ́ oúnjẹ." N kò sọ ohun tó kù fún un. N kò sọ fún Ìyá Ẹ̀yìnkùlé náà. N kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí pé ní Adó, dókítà kan ti pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rí, mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ jáde fún gbogbo ẹbí, síbẹ̀ ọkọ mi kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo dé ilé ìwé, mo ṣí báàgì, mo rí i pé mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé. N kò lè kàwé láìsí i. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo padà sílé. Bí mo ti wọ pálọ̀ ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Bàbá mi ló ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, mo dúró. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìdáná, wọ́n kọjú síra wọn. Iyán tí mo gún wà níwájú bàbá mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mi ò sè. Ẹ̀wà mi, ẹ̀fọ́ mi, ẹyin sísè mi wà níwájú Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń fi búrẹ́dì kékeré kan nu àwo náà.

"Ọmọ yìí mọ ẹ̀wà sè o, Ẹ̀gbọ́n," ni ó ń wí. "Iyọ̀ nìkan ni kò mọ̀."

"Máa jẹ ẹ́ lọ," ni bàbá mi wí. "Ìwọ ló gba ìwòsàn mi."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni wọ́n rí mi. Òkèlè dúró lọ́wọ́ bàbá mi láàárín àwo àti ẹnu. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kígbe. Mo wá ìbínú káàkiri inú mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́, n kò rí i. Mo kọjá lára wọn lọ sí yàrá mi, mo mú awò ojú mi, mo sì padà sí ilé ìwé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo kọ́ wọn ní orin. N kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo se ẹ̀wà, n kò gún iyán. Mo gbé àwo kan ṣoṣo sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí Ìyá Ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìtìjú àti ìjà wà lójú rẹ̀ papọ̀.

"N kò gbọ́ odó."

"N kò ní gún un mọ́, Ìyá."

"Nítorí àná? Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo gbé ọ pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Bí mo bá fún ẹ̀gbọ́n mi ní uyán jẹ, mo jalè ni? Egbò kékeré ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ewé lásán ni bàbá tiwa ì bá fi wò ó. Ìwọ ń fi ebi pa á, o ń gbé àwo jù sí i bí ẹni ń bọ́ ewúrẹ́ tí a so, o sì ń lọ!"

Mo ní, "Wọn yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀."

N kò gbé ohùn sókè. Bàbá mi gbé orí sókè.

"Láti ọrùn ẹsẹ̀," ni mo wí. "Dókítà sọ fún mi ní ọjọ́ tí a lọ. Tí ṣúgà kò bá wálẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọn yóò gé e. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá."

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé wá ibi jókòó, kò rí i, ó jókòó sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. "O sì mọ̀," ni ó wí. "O mọ̀, o ń wò wá. O jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi máa gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe iyán ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ wa. Àwọn ṣe tiwọn nínú àìmọ̀, èmi tí mo mọ̀ ni mo pa ẹnu mọ́.

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a fi báńdéèjì dì, ó wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà ni ó fa àwo ẹ̀wà súnmọ́ ara rẹ̀.

"Màá jẹ ẹ́," ni ó wí. "Ẹ̀wà kò burú, àbúrò mi ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò ní dá a jẹ. Láti ọjọ́ tí o ti dé, mi ò tíì rí ẹnu rẹ kó mira láàárọ̀. O ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ wo ló ń gba oṣù mẹ́ta? Èmi náà sin aya mi, mo mọ irú ààwẹ̀ yẹn. Lọ bu tìrẹ wá."

"Bàbá, n ó pẹ́ dé ilé ìwé."

"Ilé ìwé á dúró. Lọ bu tìrẹ."

Mo lọ bù ú. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé náà bu tirẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ó dàbí yanrìn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo ń gbé e mì nítorí pé ojú bàbá mi kò kúrò lára mi, bí mo bá sì dá ọwọ́ dúró, òun náà á dá tirẹ̀ dúró. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Èmi ni n kò ní. Mo ní oúnjẹ, n kò ní ara tí mo fẹ́ fi jẹ ẹ́.

Bí a ti jẹun tán, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé dìde, ó gbé ọmọ odó wa lé èjìká, ó gba iwájú ilé jáde dípò ẹ̀yìn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde. "Ẹ̀yin ará ulé, ẹ kú ojúmọ́ o. Bí ẹ kò bá gbọ́ odó nílé ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ odó wà. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè ta ló kú, kó wá bi mí. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹ̀wà ni a ń jẹ, ara wa sì ń dán. Ẹ wo orúnkún mi!" Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lójúde. Wọn kò tún bi wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́tàlá kò pọ̀. Láràárọ̀ ni a ń jókòó. Ẹ̀wà lónìí, ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ́la, ẹ̀fọ́ ewúro pẹ̀lú ẹja ní ọ̀túnla. Bàbá mi a máa kùn pé ewúro korò bí ọ̀rọ̀ àna, a sì jẹ ẹ́ tán. Mo ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èmi yóò sọ òótọ́: bí ẹni ń ka àkọ́sórí ni mo ń gbà á. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ló ń sunkún nínú àdúrà, èmi ń ṣe àmín.

Ó tó bí ọjọ́ kẹsàn-án tí mo bu ẹ̀wà sẹ́nu tí mo dá ọwọ́ dúró. Mo tún tọ́ ọ wò.

Mo ní, "Iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀wà yìí."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń pọ̀," ni Ìyá Ẹ̀yìnkùlé wí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Bàbá mi ní, "Ta ni à bá sọ fún?"

Nígbà náà ni ẹkún dé. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Mo sun ẹkún tó yẹ kí n sun ní etí ibojì, mo sun ún sínú àwo ẹ̀wà, imú mi ń ṣàn, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi. Wọn kò sọ pé kí n dákẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fún mi. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni ń pa ọmọ jòjòló tó fẹ́ gùnfẹ̀. Bàbá mi ń jẹ ẹ̀wà oníyọ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá ló ní, "Ó tó. Jẹ ìyókù." Mo jẹ ẹ́. N kò dé ilé ìwé ní àsìkò ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí a padà sí Ìjerò, ṣúgà náà ti wálẹ̀. Kò wálẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì ará Àràmọ̀kọ wò mí, ó wo ìwé, ó ní, "Ẹ̀wà rèé." Ọmọ ìka méjì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n gé wọn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ yòókù sílẹ̀. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò fò sókè, n kò kọrin. Mo kàn rí i pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, inú mi sì dùn pé ó ń gbọ̀n.

Bàbá mi lo ọdún mélòó kan sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dé oko kòkó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti lọ bá àwọn alágbàṣe jà. A kò fi iyán dù ú pátápátá. Ní ọjọ́ ìkórè, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé a gún díẹ̀ fún un lọ́sàn-án, òkèlè mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ á sì kà á. Ojú oorun ni ó gbà lọ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọmọ ìka mẹ́jọ ni. Mo fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sunkún, ẹnikẹ́ni kò yìn mí fún ìgbàgbọ́.

Lónìí, èmi àti Ìyá Ẹ̀yìnkùlé la ṣẹ́kù. Òun ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Láràárọ̀, mo ń bu oúnjẹ sí àwo méjì, mo ń jókòó tì í. N kò lè sọ pé ìdùnnú ńlá ń bẹ nínú mi. Àárọ̀ mìíràn ṣì wà tí ara mi ń fẹ́ kú padà, tí ẹnu mi kì í mọ ohun tó ń jẹ. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ń sọ ọ́ jáde. Mo ń ní, "Ìyá, n kò mọ adùn lónìí." Òun á ní, "Ó dáa. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Mo ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti wá gbà pé èyí náà jẹ́ ọpẹ́, pé Ọlọ́run ń gba ọpẹ́ ẹni tí kò tíì lè kọrin.

Ìwọ tí o ka ìtàn mi yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o dá jẹun ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ bá wúwo. Kí ó fi ẹni tí yóò wò ọ́ lójú títí ìwọ yóò fi jẹ tìrẹ tán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ohun tó bá yẹ kó dùn ọ́, kí o mọ̀ ọ́n lára ní àsìkò, kí ó má baà gba ohun tó jù ú lọ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.